Àpótí Wọn Kò Gba Ìkúnlẹ̀ Mi

Ẹ jẹ́ kí n ti ibi ẹ̀sùn bẹ̀rẹ̀, nítorí wọ́n ti kọ́ mi lọ́gbọ́n pé bí mo bá ti ibi ìkíni bẹ̀rẹ̀, wọn yóò gé ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu kí n tó dé ibi tó ń dùn mí. Wọ́n lé mi lẹ́nu iṣẹ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nítorí pé mo kúnlẹ̀ kí arúgbó. Mi ò jalè. Mi ò pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Mi ò bú ẹnikẹ́ni. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ káàsán, mà," wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n bá mi nílẹ̀ níbi tí mo ti ń sinmi lákòókò iṣẹ́.

Bí mo bá sọ ọ́ báyìí ní Ìwó, ẹ̀rín ni wọ́n máa ń rín. Wọ́n á ní mo ti dé pẹ̀lú ẹ̀fẹ̀ mi. Ẹni tí kò kúnlẹ̀ ni à ń bá wí nílé wa. Ta ló gbọ́ ọ rí pé wọ́n bá ẹni tó kúnlẹ̀ wí? Ṣùgbọ́n mi ò ṣẹ̀fẹ̀. Ọdún ti gorí ọdún lórí ọ̀rọ̀ náà, inú ṣì ń bí mi, mi ò sì bẹ ẹnikẹ́ni pé kó bá mi pẹ̀tù sí i.

Ìparí àwọn ọdún 1990 ni. Mo ti jáde ní yunifásítì, ìmọ̀ ìtàn ni mo kà, mo sì ti ṣe olùkọ́ níléèwé girama kan ní Ilé-Ogbó kí n tó lọ. Bí mo ṣe dé ọ̀hún kò kan ọ̀rọ̀ yìí. Ohun tó kàn án ni pé lọ́jọ́ kejì tí mo dé, mo jáde láàárọ̀, mo sì ń kí gbogbo ẹni tí mo bá pàdé. Mo kí ọkùnrin tó ń gbá ojú títì pé ó kú iṣẹ́. Ó wẹ̀yìn wò, bóyá ẹlòmíràn ni mò ń bá wí. Mo wọ bọ́ọ̀sì, mo kí ìyá tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ìyá fa báàgì rẹ̀ mọ́ àyà. Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi kí wọn o, Gẹ̀ẹ́sì tó dán mọ́rán, tí mo fi gba ìwé ẹ̀rí. Nígbà tí mo fi padà sí yàrá mi, ńṣe ló dà bíi pé mo kiri ọjà lọ, tí ẹnikẹ́ni kò sì rà á lọ́wọ́ mi. Mo ru gbogbo rẹ̀ padà wálé.

Nílé, bí wọ́n bá rán mi ní búrẹ́dì láàárọ̀, búrẹ́dì lè tán kí n tó dé ibẹ̀, nítorí àwọn tí mo gbọ́dọ̀ kí lójú ọ̀nà. Mo máa ń kùn sí i nígbà náà. Mi ò mọ̀ pé ọrọ̀ ni mò ń kùn sí.

Iṣẹ́ tí mo rí ni ti ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó. A máa ń wẹ̀ fún wọn, a máa ń bọ́ wọn, a máa ń tẹ́ ibùsùn wọn. Ọ̀gá wa ni obìnrin kan tó ń jẹ́ Líńdà, tó kéré sí mi lọ́jọ́ orí, tó sì máa ń rìn bí ẹni pé ilẹ̀ jẹ ẹ́ ní gbèsè. Nínú àwọn arúgbó náà ni Mísísì Pọ́ọ̀tà wà. Ẹ fi ọkàn bá mi níbí, nítorí ibí gan-an ni ẹ̀sùn náà wà. Ọrùn Mísísì Pọ́ọ̀tà ti tẹ̀, àgbọ̀n wọn ti lẹ̀ mọ́ àyà, wọn kò lè gbójú sókè mọ́. Orí àga onítáyà ni wọ́n máa ń wà láti àárọ̀ dalẹ́, ilẹ̀ nìkan ni wọ́n sì ń rí. Gbogbo wa tí a ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, bàtà ni wọ́n fi ń dá wa mọ̀. "Bàtà aláriwo" ni wọ́n ń pe Líńdà.

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ yàrá wọn, mi ò mọ èyíkéyìí nínú èyí. Mo rí ìyá àgbà, orúnkún mi méjèèjì sì kanlẹ̀ kí n tó rò ó, bí orúnkún ọmọ tí wọ́n tọ́ ní Ìwó ṣe máa ń kanlẹ̀. Nígbà tí mo gbójú sókè, ojú mi ṣe mẹ́rin pẹ̀lú ti Mísísì. Ojú aláwọ̀ sánmà, tó mọ́ kedere, tó ń wò mí tìyanutìyanu.

"Áà," ni wọ́n wí. "Àwọn yòókù ní bàtà. Ìwọ ní ojú."

Láti ọjọ́ náà, mi ò kí wọn ní ìdúró rí. Mò ń kí wọn láàárọ̀, mò ń kí wọn lọ́sàn-án, mo sì ń kí wọn kí n tó lọ sílé. Wọ́n á bi mí bóyá òjò ń rọ̀. Wọ́n á ní kí n ya eyín hàn, kí àwọn wò ó. Ní ìlú tí ìkíni mi kò ti rí ẹni rà á, oníbàárà kan ti dé.

Líńdà bá wa bẹ́ẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ó mú àlejò méjì lẹ́yìn, ó ń fi ilé hàn wọ́n. Mo wà lórí orúnkún mi, kò sí àwo lọ́wọ́ mi, kò sí ìnujú, èmi àti Mísísì ń rẹ́rìn-ín.

"Kí lò ń ṣe nílẹ̀?"

"Mò ń kí wọn ni."

"Ò ń kí wọn? Láti àárọ̀ lo ti wà níbí!"

"Mo kí wọn láàárọ̀," mo ní. "Ọ̀sán ti pọ́n báyìí."

Ọ̀kan nínú àwọn àlejò náà rẹ́rìn-ín. Mo gbà pé ẹ̀rín yẹn ló ba tèmi jẹ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú, Líńdà ti pè mí sí ọ́fíìsì, ó ti ti ìwé kan sí iwájú mi. Ó wà nínú rẹ̀ pé mò ń sinmi lórí ilẹ̀ lákòókò iṣẹ́, pé mo kábàámọ̀, pé mi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́.

"Fọwọ́ sí i, kí o padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́la. Ọ̀rọ̀ kékeré ni."

"Mi ò sinmi."

"Fọwọ́ sí i ṣá."

"Ṣé ẹ fẹ́ kí n fọwọ́ sí irọ́ ni?"

Ó fa ìwé náà padà, ó kọ nǹkan sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó ní kí n lọ kó ẹrù mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ìyẹn bà jẹ́, kí ó má baà dà bíi pé mo kàn ń gbé ìgbéraga kiri. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì kan ti gbà mí wọlé. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n ń retí ni ìwé ẹ̀rí ìwà láti ibi iṣẹ́ mi. Bí ohun tí Líńdà kọ bá dúró, ilé-ẹ̀kọ́ ti lọ nìyẹn, ilé ìtọ́jú mìíràn kò sì ní gbà mí. Ìdí tí mo fi kúrò nílé gan-an wà lábẹ́ bírò obìnrin náà.

Mo ní mo fẹ́ rí àwọn ọ̀gá àgbà. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni kì í rí wọn. Wọ́n ní ayé ti di ayé kọ̀ǹpútà: orí ìńtánẹ́ẹ̀tì ni kí ẹni tó bá ní ẹ̀sùn ti lọ kọ ọ́. Àpótí kan wà lójú ewé wọn níbẹ̀, ẹgbẹ̀rún lẹ́tà péré ni ó ń gbà, ó sì ń ka àlàfo àárín ọ̀rọ̀ mọ́ ọn. Ohun tó bá ti lé, ẹ̀rọ yóò gé e dànù. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni wọ́n sì ń gba ẹjọ́ ènìyàn.

Mi ò ní kọ̀ǹpútà. Bọ̀ọ̀dá Ràṣídì ló ní kí n máa bọ̀. Ọmọ Kúta tó múlé gbe Ìwó ni wọ́n, ọlọ́dẹ ni wọ́n ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan, àwọn olùkọ́ ibẹ̀ sì fẹ́ràn wọn tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń jẹ́ kí wọ́n lo yàrá kọ̀ǹpútà. Mo jókòó, mo kọ ẹ̀sùn mi bí ẹni tí wọ́n tọ́ dáadáa ṣe ń kọ ẹ̀sùn sí àgbà. Mo kí wọn kú iṣẹ́. Mo kí wọn kú òtútù. Mo tọrọ àforíjì pé mo fi ọ̀rọ̀ kékeré dí wọn lọ́wọ́. Mo sọ ìlú mi, mo sọ pé bàbá mi ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéú ní Ìwó, kí wọ́n lè mọ̀ pé ènìyàn gidi ló bí mi. Mo ṣàlàyé pé láti ìgbà tí ọmọ bá ti lè dìde dúró lọ́dọ̀ wa ni a ti ń kọ́ ọ bí a ṣe ń kúnlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo wá kọ pé, "Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀," mo sì ro gbogbo rẹ̀ kalẹ̀: Líńdà, àlejò, ìwé, irọ́, ọrùn Mísísì Pọ́ọ̀tà. Mo fi ránṣẹ́. Inú mi dùn. Mo tún dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀rọ náà.

Èsì dé. Bọ̀ọ̀dá Ràṣídì ló kọ́kọ́ kà á, wọ́n sì gbé ọwọ́ lé orí.

"A dúpẹ́ fún ìkíni yín," ni wọ́n kọ. "A ti ka ohun tí ẹ sọ nípa bàbá yín àti ìlú yín. A kò rí ẹ̀sùn kankan nínú ohun tí ẹ kọ. Àǹfààní kan ló kù fún yín."

Ibi "Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀" gan-an ni ẹ̀rọ ti gé e.

"Ẹ̀yin ará Ìwó!" Bọ̀ọ̀dá Ràṣídì ti ń rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú wọn. "Bí ilé yín bá ń jó, ẹ ó kọ́kọ́ kí iná pé ó kú iṣẹ́!"

"Ará Kúta ló ń bú ará Ìwó? Ọjà ìlú ta lẹ ń ná?"

"A ń ná an, ṣùgbọ́n a kì í pẹ́ níbẹ̀. Ìkíni yín ni kì í jẹ́ ká tètè délé."

Mi ò lè rẹ́rìn-ín. Wọ́n rí i lójú mi, ẹ̀rín wọn sì kú. "Gbọ́," ni wọ́n wí, "ṣé kí o kúkú lọ fọwọ́ sí i? Ta ló máa mọ̀? Ìfọwọ́sí kékeré báyìí, o ti padà sẹ́nu iṣẹ́, o ti di nọ́ọ̀sì."

"Orúnkún mi á mọ̀," mo ní.

Mo bínú sí wọn. Lójú ọ̀nà ilé ni mo tó mọ̀ pé ohun tó ń bí mi nínú ni pé mo ti ro bẹ́ẹ̀ fúnra mi.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ ni mo máa ń pe bàbá mi. Wọ́n á kírun tán, wọ́n á lọ jókòó nílé aládùúgbò wa tó ń ṣiṣẹ́ ní báǹkì, nítorí òun ló ní tẹlifóònù. Èmi náà á ra káàdì, màá dúró sínú àpótí tẹlifóònù ẹ̀bá títì. Lọ́jọ́ náà, mo ti pinnu pé màá sọ fún wọn.

"Ṣé àlàáfíà lo wà?"

"Àlàáfíà ni, sà."

"Òtútù ńkọ́?"

"Ó wà, sà. Bàbá, mo ní ọ̀rọ̀ kan..."

"Iṣẹ́ ńkọ́? Àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ ńkọ́? Àwọn ará ilé wọn ńkọ́?"

"Wọ́n wà, sà."

"Alhamdulilahi. Onílé tí ò ń gbé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ńkọ́? Ṣé ara rẹ̀ ti yá lórí ikọ́ tó ń hú níjọ́sí?"

"Ó ti yá, sà. Bàbá..."

"Ọmọ rẹ̀ tó ń bẹ nínú ológun ńkọ́?"

Ohùn obìnrin kan bọ́ sí wa láàárín, ó ní káàdì ti tán. Ẹ̀rọ náà kú lọ́wọ́ mi. Mo dúró sínú àpótí náà, mo sì rí i kedere bí ẹni tí wọ́n gbé dígí síwájú rẹ̀: ohun tí mo ṣe sí àwọn ọ̀gá àgbà ni bàbá mi ṣe sí mi yìí. Ẹ̀rọ kan náà ló gé wa. Kì í ṣe pé a kò mọ ọ̀rọ̀ í sọ. A gbà pé àyè wà ni. Ilé ni ibi tí ènìyàn ti lè kí ènìyàn tán kó tó sọ ohun tó bá wá. Ìlú àjèjì ni ibi tí wọ́n ti ń ka lẹ́tà mọ́ ọ lẹ́nu. Bí mo bá fẹ́ gba ẹ̀tọ́ mi níbẹ̀, mo gbọ́dọ̀ kọ́ bí wọ́n ṣe ń kà á.

Mo ra káàdì mìíràn lójú ẹsẹ̀. Bàbá mi ṣì wà níbẹ̀. Kí wọ́n tó yanu, mo ti yanu, ohun tí mi ò ṣe rí láyé mi.

"Bàbá, ẹ má bínú, kò sí àyè ìkíni. Wọ́n lé mi níṣẹ́ torí mo kúnlẹ̀ kí arúgbó kan. Wọ́n ní kí n fọwọ́ sí i pé mò ń sinmi ni."

Mo rò pé káàdì ti tún tán.

"Arúgbó náà," ni bàbá mi wí, "ṣé ó jẹ́ ọ?"

"Wọ́n jẹ́ mi, sà. Ọrùn wọn ló tẹ̀, bàtà wa nìkan ni wọ́n ń rí. Wọ́n ní àwọn yòókù ní bàtà, èmi ni mo ní ojú."

Bí mo ṣe sọ ọ́ tán ni mo gbọ́ ohun tí mo sọ. Òun nìyẹn. Gbogbo ẹ̀sùn náà nìyẹn, nínú èémí kan, ìsàlẹ̀ pátápátá ni mo sì kó o sí nínú ìwé mi, níbi tí ẹ̀rọ ti jẹ ẹ́.

"Má fọwọ́ sí i," ni bàbá mi wí. Wọn kò ṣe àdúà, wọn kò kí mi pé ó dàbọ̀. Wọ́n gbé tẹlifóònù kalẹ̀ kí káàdì mi tó tán. Bàbá mi, tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ń kí ènìyàn, òjò lè bẹ̀rẹ̀ kó sì dá. Mo mọ bí inú ṣe bí wọn tó.

Bọ̀ọ̀dá Ràṣídì ti rí nǹkan kan kí n tó padà dé ọ̀dọ̀ wọn. Ojú ewé kan ni, lórí ìńtánẹ́ẹ̀tì, ẹnìkan tí a kò mọ̀ rí ló ṣe é síbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. O kọ iye lẹ́tà tí wọ́n fún ọ sí òkè, o kọ ọ̀rọ̀ rẹ sí ìsàlẹ̀, ó ń kà á bí o ṣe ń kọ ọ́. Bí o bá ṣì wà láàárín ààlà, iye náà yóò dúdú. Bí o bá kọjá, yóò pupa.

"Kọ gbogbo ohun tó wà nínú rẹ síbẹ̀ ná," ni wọ́n wí. "Òun kò ní gé e. Á kàn sọ fún ọ ni."

Ìyẹn ni mo fẹ́ràn nípa rẹ̀. Àpótí àwọn ọ̀gá gé mi láìsọ fún mi. Èyí ń sọ òótọ́ fún mi lójú mi. Mo kó gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ó pupa bí ojú ẹni tó mutí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́. Mo yọ òtútù. Mo yọ àforíjì, mo sì gbádùn yíyọ ìyẹn, torí kí ni mo tọrọ àforíjì fún? Nígbà tó kan bàbá mi, ọwọ́ mi dúró.

"Yọ wọ́n," ni Bọ̀ọ̀dá Ràṣídì wí pẹ̀lẹ́. "Wọ́n mọ ẹni tó bí ọ ní Ìwó. Àwọn wọ̀nyí ò nílò rẹ̀."

Mo yọ bàbá mi, mo ń bú àwọn tí kò mọ̀ wọ́n. Iye náà ń sọ̀ kalẹ̀. Ó ku díẹ̀ tó fi máa dúdú.

"Ó kù díẹ̀ báyìí. Yọ 'Ẹ káàsán' tó wà lókè yẹn."

"Mi ò yọ ọ́."

"Lẹ́tà mélòó kan péré ló fi lé!"

"Mi ò ní wọlé ẹnikẹ́ni láìkí i. Àwọn ni wọ́n kéré, kì í ṣe èmi."

Mo wo ìwé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo rí ibi tí mo ti pe Líńdà ní òpùrọ́. Mo wò ó pẹ́. Mo yọ "òpùrọ́," mo fi "Ẹ káàsán" sílẹ̀, iye náà sì dúdú. Bọ̀ọ̀dá Ràṣídì pàtẹ́wọ́. Ẹ má rò pé mo dárí jì í o. Ibí yìí kò ní àpótí, nítorí náà mo dá a padà síbí: òpùrọ́ ni.

Ohun tí mo fi ránṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ báyìí: "Ẹ káàsán. Ọrùn Mísísì Pọ́ọ̀tà ti tẹ̀, wọn kò lè gbójú sókè. Bí ẹ bá dúró bá wọn sọ̀rọ̀, bàtà yín nìkan ni wọ́n ń rí. Mo kúnlẹ̀ kí wọ́n lè rí ojú mi. Bẹ́ẹ̀ náà ni a sì ń kí àgbà ní ìlú mi." Mo wá sọ ti Líńdà àti ìwé rẹ̀, mo sọ pé mi ò fọwọ́ sí i, mi ò sì ní fọwọ́ sí i. Mo fi èyí parí rẹ̀: "Ẹ lọ bi Mísísì Pọ́ọ̀tà. Bí ẹ bá fẹ́ bi wọ́n dáadáa, ẹ má dúró."

Mo dúró de èsì náà títí ìrètí fi ń di ẹ̀rù. Mo ń gbá ilé ìtajà kan, mo ń yí lórí ibùsùn lálẹ́, mi ò pe ilé. Nígbà tó dé, kò gùn. Wọ́n ti yọ ohun tí Líńdà kọ kúrò. Kí n padà sẹ́nu iṣẹ́. Ìwé ẹ̀rí ìwà mi ti lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Wọ́n ní "àìgbọ́ra-ẹni-yé díẹ̀" ló wáyé. Mo fẹ́ kí ó wà lákọsílẹ̀ pé mi ò gba gbólóhùn yẹn. Líńdà gbọ́ mi yé. Mo sọ fún un pé mò ń kí wọn.

Lọ́jọ́ tí mo padà, Líńdà wà ní yàrá Mísísì Pọ́ọ̀tà, ó ń wo ìwé kan, kò kí mi. Mo gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Mo kúnlẹ̀, orúnkún méjèèjì, mo rọra ṣe é kí ó lè rí i dáadáa.

"Ojú ti dé," ni Mísísì wí. "Wọ́n rán ọkùnrin kan wá. Ó dúró síbi tí o wà yẹn, ó ń bi mí ní ìbéèrè. Mo ní bàtà rẹ̀ mọ́. Ó tún bi mí. Mo tún ní bàtà rẹ̀ mọ́."

"Kí ló wá ṣe, mà?"

"Ó kúnlẹ̀." Ojú wọn ń tàn bí ti ọmọdé. "Ó ní ojú tó dára. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un."

Bàtà aláriwo ṣì wà lẹ́yìn mi, kò mira. Mo bẹ̀rẹ̀. Mo kí Mísísì pé wọ́n kú àárọ̀. Mo kí wọn kú ìjókòó, mo kí wọn kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo kí wọn kú òtútù, kú ìnáwó ọ̀rọ̀, kú ojú lọ́nà. Mo bi wọ́n léèrè oorun, mo bi wọ́n léèrè ẹsẹ̀, mo bi wọ́n léèrè ọmọ wọn tó wà ní Kánádà, ìyàwó rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀, ajá wọn. Mo sọ fún wọn pé bàbá mi kí wọn, bàbá mi tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéú ní Ìwó. Wọ́n ń dá mi lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, a kò sì kánjú. Kò sí ohun tó ń pupa níbì kankan.